Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Mi Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Òórùn òrí tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ káńfọ̀ ni mo fi máa ń rántí ọdún náà. Ní oṣù tó kọjá, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà láti ra ọṣẹ, ni òórùn náà ṣàdédé gbá mi nímú láti orí àtẹ obìnrin kan tó ń ta òrí lẹ́nu ọ̀nà, mo sì gbàgbé ohun tí mo wá rà. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè tí kò mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Obìnrin náà ní, "Àǹtí, ṣé kí n wọ̀n ọ́n fún yín?" Mo ní rárá, mo kàn ń kí i ni. Bí ìwọ náà bá ti gbé nínú yàrá kan tí wọ́n ti ń fi òrí gbígbóná ra apá àti ẹsẹ̀ ènìyàn láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún odidi ọdún kan, o ò ní bi mí pé kí ló dé.

Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Àgbówó ni mo ń wí. Ilé náà kò jìnnà sí títì tó dojú kọ fásitì, àwa àti ayálégbé mẹ́rin mìíràn la sì jọ ń lo àgbàlá àti ẹ̀rọ omi. Bàbá mi jẹ́ tíṣà ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n tún jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ. Ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè wọ́n ní Ìyá Tíṣà, bí ẹni pé Bàbá kì í ṣe tíṣà rárá. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Ìyá mi ní ohùn kan tó mọ́ gaara. Tí wọ́n bá ń kàwé sókè, àwọn ará ilé a máa dákẹ́ láti gbọ́. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń kọ̀wé tún wá dára ju ohùn náà lọ, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n fẹ́ràn iyì díẹ̀.

Nígbà tí mo ń jáde girama, àjọ kan tó ní ọ́fíìsì ní Ring Road máa ń ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ tó mọ̀wé jù ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yege, wọn á fún un ní sìkọ́láṣíìpù: owó ilé-ìwé, ìwé kíkà, yàrá tí yóò sùn, títí tí yóò fi jáde fásitì. Wọ́n mú mi. Ìyá mi ka lẹ́tà náà sókè ní àgbàlá ní àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n kà á tán, wọ́n tún un kà fún àwọn tí kò tètè jí. Ìyá oníbúrẹ́dì, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa, fi búrẹ́dì gbígbóná kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ lọ sọ́hùn-ún. Ìmọ̀ oògùn ni mo fẹ́ lọ kọ́. Fásitì tó wà lójú títì wa kọ́ ló gbà mí. Èyí tó gbà mí wà ní ìlú mìíràn, ìrìn odidi àárọ̀ kan nínú ọkọ̀. Kò sí bí owó oṣù tíṣà méjì ṣe lè rán mi débẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú sìkọ́láṣíìpù yẹn, mo ti ń rí ara mi nínú kóòtù funfun.

Òfin kan wà lábẹ́ lẹ́tà náà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi ọkàn sí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá gba ẹ̀bùn náà gbọ́dọ̀ wọ fásitì lọ́dún kan náà tó jáde girama. Bí ó bá ní ìdí tó fi fẹ́ dúró sílé fún ọdún kan, kó wá kọ fọ́ọ̀mù, kó sọ ìdí náà, kó sì mú ẹ̀rí wá. Ta ló fẹ́ dúró sílé? Àpótí mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Kò pé oṣù kan sí i. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi ń yẹ ìwé àwọn ọmọ kíláàsì wọn wò lórí tábìlì, èmi ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bíróò pupa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò ó nílẹ̀, wọn ò bẹ̀rẹ̀ mú un. Mo ní, "Mà, bíróò yín rèé." Wọ́n fẹ́ dá mi lóhùn, ẹnu wọn sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò ní ọsibítù, nígbà tí wọn yóò sì fi dá wọn sílẹ̀, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́, ohùn gaara yẹn sì ti di ìkùn kan nínú ọ̀fun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò kan ni Bàbá mú ká gbé wọn wọlé, nígbà tí àgbàlá dá páro. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sọ fún àwọn ará ilé pé ibà ló gbé Ìyá Tíṣà dé ọsibítù, pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Má ṣe tètè bínú sí bàbá mi. Èmi náà ti bínú sí wọn fún ọdún púpọ̀, mo sì ti sinmi. Wọ́n mọ ohun tí ẹnu ayé máa ń ṣe fún ẹni tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kú: àwọn kan á ní ayé ló mú un, àwọn kan á ní ó jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀, àwọn tó kù á wá kí i kí wọ́n lè lọ ròyìn bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Bàbá fẹ́ kí ìyá mi padà jáde lọ́jọ́ kan bí ayé ṣe mọ̀ wọ́n, pẹ̀lú ìrìn wọn àti ohùn wọn. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ tó ti fèrèsé pa ni, àmọ́ ìfẹ́ ni.

Èmi ni mo sọ pé n kò ní lọ lọ́dún yẹn. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Bàbá gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́, a kò sì lè gba olùtọ́jú nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí a fẹ́ kó tọ́jú wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fásitì kọ̀wé sí wa pé àwọn lè fi àyè mi dè mí títí ọdún tó ń bọ̀. Ó wá ku àwọn ará Ring Road. Èmi àti Bàbá wọ takisí láti Àgbówó, Bàbá wọ kóòtù tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ìpàdé díákónì.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta tìmùtìmù. Màmá kan tó sanra díẹ̀, tó so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn, ló gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n rántí orúkọ mi, wọ́n ní èsì ìdánwò mi dùn mọ́ àwọn nínú. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù síwájú Bàbá. Mo ṣì lè rí i báyìí: àwọn ìdí tí àjọ náà lè torí rẹ̀ dúró de ọmọ fún ọdún kan wà níbẹ̀, àìsàn ọmọ fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́, àìsàn òbí ni èkejì, àpótí kékeré sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìdí mìíràn wà, pẹ̀lú ìlà kan tí ènìyàn lè kọ̀wé sí. Bàbá ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Bíróò wọn dúró díẹ̀ lórí àpótí kejì. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlà ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ méjì péré síbẹ̀: *ọ̀rọ̀ ẹbí*.

Màmá náà wò ó, wọ́n bọ́ gíláàsì. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ara ẹnikẹ́ni ò yá nílé ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Mà. Gbogbo wa wà dáadáa."

"Màmá wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Màmá náà yí ojú sí mi. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan, àmọ́ wọ́n dúró. Mo mọ̀ pé wọ́n ń dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Ta ni mo jẹ́ láti sọ bàbá mi di onírọ́ níwájú wọn? Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni mí. Mo wo bàtà mi títí wọ́n fi tẹ òǹtẹ̀ lu fọ́ọ̀mù náà.

Nínú takisí tó ń gbé wa padà, inú Bàbá dùn. Wọ́n ní obìnrin náà ní ojú àánú, pé ọmọ Yorùbá gidi ni. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí," ni wọ́n wí, "tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Á ti yé wọn." Mo gbà wọ́n gbọ́. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tí ọ̀rọ̀ ń rìn bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn àgbà, tí ẹnì kan á sọ ìdajì, ẹnì kejì á mi orí, gbogbo nǹkan á sì tò. A gbàgbé pé ìwé ni wọ́n máa gbé lọ síwájú àwọn tó máa dájọ́, pé ìwé kò ní inú tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ yóò dé tí yóò di odindi.

Lẹ́tà dé ṣáájú Kérésìmesì. Wọ́n ní ìdí tí a kọ, ìyẹn "ọ̀rọ̀ ẹbí", kò sí lára àwọn ìdí tí àjọ lè torí rẹ̀ dúró, a ò sì fi ẹ̀rí kankan tì í. Bí mo bá lè wọ fásitì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀bùn náà ṣì jẹ́ tèmi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ tó tẹ̀ lé mi ni wọn yóò fún. Bàbá kà á lórí ìdúró, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi sínú Bíbélì ńlá wọn. Wọ́n ní, "Ọlọ́run yóò pèsè." Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká padà lọ sọ òótọ́. Wọ́n ní ṣé kí àwọn wá lọ sọ fún àwọn ènìyàn níta pé irọ́ ni díákónì pa? Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, mo mú òrí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹsẹ̀ ìyá mi. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi le jù. Ìyá mi kùn, mo sì ní kí wọ́n má bínú. Ọ̀sẹ̀ méjì náà pé. N kò lọ sí ibì kankan.

A ò sọ fún ìyá mi. Bí a ṣe fi àìsàn wọn pamọ́ fún ayé, bẹ́ẹ̀ la fi àdánù mi pamọ́ fún wọn. Láti ojú fèrèsé ibi ìdáná, mo máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń sọdá títì láràárọ̀, àpò wọn lẹ́yìn, wọ́n ń fi pijin bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi á bomi gbígbóná sínú bàsíà, màá wọlé. Pátákó álífábẹ́ẹ̀tì tí ìyá mi fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ni mo gbé kọ́ sára ògiri, òun la sì fi bẹ̀rẹ̀. Èmi á na ọwọ́ sí lẹ́tà, ìyá mi á gbìyànjú ohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n máa ń sunkún nítorí ẹyọ lẹ́tà kan tí kò jáde, ìyá tó ti kọ́ ìdajì àwọn ọmọ Àgbówó ní ìwé kíkà. Mo sọ ọ́ láìtijú: àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn wà lára ohun tó dára jù tí mo fi ayé mi ṣe. N kò kábàámọ̀ ọdún náà rí. Ohun tó bọ́ sọnù nítorí rẹ̀, tí kò sì yẹ kó sọnù, ló ń dùn mí.

Ó tó oṣù kẹjọ àìsàn náà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra lẹ́nu wọn. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n ka Sáàmù fún àwọn. Mo gbé Bíbélì ńlá, mo ṣí i, lẹ́tà náà sì já bọ́ sórí aṣọ ìbora. Kí n tó mú un, ọwọ́ òsì wọn ti bò ó. Wọ́n tú u pẹ̀lú ìka mẹ́ta àti eyín. Wọ́n kà á, mo ń wo bí ojú wọn ṣe ń tẹ̀ lé ìlà. Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n tún ìlà kan kà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ìka sí i.

"Ta ló... kọ... eléyìí?" *Ọ̀rọ̀ ẹbí* ni ìka wọn wà.

"Bàbá ni, Mà."

"Ìwọ... ńkọ́?"

"Mo wà níbẹ̀."

Wọ́n di ojú. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sùn. Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n ti mú kí n wọ ìró àti bùbá fún àwọn, wọ́n ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ní, "Lọ́la... ẹ mú mi lọ... Ring Road." Bàbá ní kí ni àwọn ènìyàn máa sọ. Ìyá mi na lẹ́tà náà sí wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní ojúmọmọ, a mú wọn jáde sí àgbàlá. Bàbá di apá kan mú, èmi di èkejì. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Ìyá oníbúrẹ́dì ń to búrẹ́dì sínú àpótí onígíláàsì rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ kú ewu o. Ẹsẹ̀ yẹn ti ń gbìyànjú." Kò yà á lẹ́nu rárá. Bàbá ń wò ó. Ìyá oníbúrẹ́dì sọ ohùn kalẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Láti oṣù àkọ́kọ́ la ti ń gbọ́ òórùn káńfọ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀. A ní bí ẹ bá fẹ́ ká mọ̀, ẹ ó sọ fún wa." Nígbà náà ni mo wá rántí ẹ̀fọ́ tí a máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà láìmọ ẹni tó gbé e wá, àti bí àwọn ọmọ ilé kò ṣe ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé wa. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá mi ti di odindi nínú àwọn tí wọ́n fi í pamọ́ fún. Ibi kan ṣoṣo tó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ tán ni wọn ò ti gbọ́ ọ.

Ó pẹ́ kí ìyá mi tó gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà tán. Nígbà tí màmá onígíláàsì rí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dìde, wọ́n sì mú àga fúnra wọn. Ìyá mi gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì, wọ́n fi ọwọ́ òsì lu àyà ara wọn. "Èmi... ni... ọ̀rọ̀ ẹbí."

Màmá náà jókòó. Omi lé sí wọn lójú. Wọ́n ní ọmọ mìíràn ti wà lórí àyè náà láti oṣù kìíní, ọmọ opó kan, pé àwọn ò lè lé e kúrò. Wọ́n ní ìwé ọsibítù kan ṣoṣo ni ì bá ti tó. Wọ́n wá kọjú sí Bàbá, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, wọ́n ní, "Sà, mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì." Bàbá mi, tí mi ò rí kí wọ́n tẹ orí ba fún ẹnikẹ́ni rí bí kò ṣe nínú àdúrà, tẹ orí ba.

A ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìyá mi dúró ní àárín àtẹ̀gùn, èémí wọn ń sáré. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá... dákẹ́..." Wọ́n gbìyànjú, ìyókù kò jáde. Mo fẹ́ bá wọn parí rẹ̀, àmọ́ ojú Bàbá ni wọ́n ń wò. Ohùn Bàbá wá jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Tara rẹ̀ á bá a dákẹ́." Ìyá mi mi orí. Kò sí ẹni tó tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ nílé wa láti ọjọ́ yẹn.

Èmi kò kọ́ ìmọ̀ oògùn. Àwọn sìkọ́láṣíìpù mìíràn tí mo wá kiri lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá, èmi sì ti di ẹni tó ti fi ọdún kan jókòó sílé. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà nítòsí, mo ń ti ilé lọ. Ìyá mi rí ọjọ́ tí mo jáde. Wọ́n fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ mi sẹ́yìn fọ́tò náà, ó wọ́ bí ti ọmọ kíláàsì kìíní, èmi ò sì rí ìwé tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa báyìí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà, èmi ni wọ́n ń rán àwọn ọmọ tó ń wá sìkọ́láṣíìpù sí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn: bí ẹ bá fẹ́ dúró fún ọdún kan, ẹ kọ́kọ́ ka òfin, ẹ bèèrè kí ẹ tó dúró, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú bá yín kọ ìdí. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní mo ti ń tọ pinpin ẹni jù. Ó ṣeé ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ náà yege gan-an, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí ó dúró sílé lọ́dún yìí. Mo bèèrè ìdí. Ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀kejì bóyá ara ẹnì kan ò yá. Ó ní rárá, Mà, a dúpẹ́, gbogbo wa wà dáadáa. Mo gbé bíróò mi sílẹ̀. Mo yí ojú kúrò lára bàbá, mo wo ọmọ náà tó ń wo bàtà rẹ̀, mo sì bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Bàbá rẹ̀ wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ọmọ náà gbé ojú sókè.

"Màmá mi ni, Mà," ló wí. "Ara wọn ò yá."

Mo fa fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀, mo sì fún òun fúnra rẹ̀ ní bíróò.